Ọ̀dà Àtijọ́ Lára Ọkọ̀ Ìṣeré

   Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí eré létí ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìṣeré ni, irú èyí tí ọmọdé ń fi rìmóòtù darí káàkiri ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọkọ̀ náà kéré, ohun tí ń bẹ lára rẹ̀ kò kéré.

Olùkọ́ kan ní Ọ̀tà ni ó kọ̀wé béèrè. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ra ọkọ̀ ìṣeré tókùnbọ̀ méjìlá lọ́jà Sàngó, lọ́wọ́ ẹni tí ń tú ẹrù inú kọ̀ǹténà, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fi kọ́ bí mọ́tò kékeré ṣe ń yí táyà. Àwọn ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara wọn ti ń bó, ó ń ṣí bí èèpo igi. Ó wá fẹ́ pín abẹ ìfárí fún àwọn ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan kí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi àwọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kùn ún. Ohun tí ó ń béèrè ni èwo ni kí ó rà: ẹni tí ń kun mọ́tò lẹ́bàá ilé rẹ̀ ní tíńnà ni, awakọ̀ kan ní pẹtiróòlù ni, ìyàwó rẹ̀ tí ń se ọṣẹ ní kò sí ohun tí sódà kọ́sítíìkì kò lè bó.

Alàgbà olùkọ́, inú wa dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó pín abẹ náà. Ibi abẹ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fi abẹ tàbí sáńpépà gbígbẹ ha ọ̀dà àtijọ́, ìbáà ṣe lára ọkọ̀ ìṣeré, lára ilẹ̀kùn, tàbí lára àga ilé ẹ̀kọ́. Ìdí rẹ̀ ni òjé. Òjé tí ẹ mọ̀ yìí náà ni, èyí tí apẹja ń so mọ́ ìsàlẹ̀ àwọ̀n, tí ó wúwo nínú bátìrì mọ́tò. Àwọn tí ń ṣe ọ̀dà ti ń pò ó mọ́ ọ̀dà láti ayébáyé, nítorí ó ń jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ, kí àwọ̀ rẹ̀ tàn, kí òjò àti oòrùn má sì tètè jẹ ẹ́. Àwọ̀ tí ó pọ́n bí ìyeyè, àwọ̀ ọsàn àti pupa ni ó sábà máa ń pọ̀ sí jùlọ. Ojú kò lè dá a mọ̀, ahọ́n kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ ọ́ dájú, ẹni tí kò bá sì lè ṣe àyẹ̀wò, kí ó kàn gbà pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dà bá jókòó jẹ́ẹ́ lára nǹkan, ìpalára rẹ̀ kò pọ̀. Ọjọ́ tí a bá hà á ni ó di eruku, eruku náà a wọ imú, a bà lé ọwọ́, ọmọ a sì fi ọwọ́ náà jẹ búrẹ́dì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé inú ọmọdé máa ń gba òjé tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí inú àgbàlagbà ń gbà nínú ohun kan náà. Wọ́n tún sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Ọpọlọ ni ó ń bá jà. Ọmọ tí ó ti ń ka ìwé geere a bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé, a máa bínú láìnídìí, inú a máa run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a gbẹ, ẹnikẹ́ni kì yóò sì fura sí ọkọ̀ ìṣeré. Ẹ̀yin olùkọ́ ni yóò máa na ọmọ bẹ́ẹ̀ pé olórí kunkun ni. Èyí tí ó burú jù ni pé ohun tí ó bá ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ kì í padà sí bí ó ti wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni èyí, kí ó rántí Zamfara. Lọ́dún 1910 kọ́, lọ́dún 2010 ni. Àwọn ará abúlé ń lọ òkúta láti yọ wúrà nínú rẹ̀, wọn kò mọ̀ pé òjé kún inú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo àgbàlá, ó bo ìkòkò, ó bo ẹní tí àwọn ọmọ ń sùn lé. Ọmọdé tí ó lé ní 400 ni ó kú. Ti Zamfara kì í ṣe ọ̀dà, eruku rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọkọ̀ ìṣeré méjìlá lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, ẹnu ọmọ kan náà ni ó sì ń gbà wọlé.

Àwọn tí ó mọ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1921 ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva lábẹ́ Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n ṣe àdéhùn lórí òjé funfun inú ọ̀dà. Nínú àdéhùn náà, wọn kò gba ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 láàyè láti bá wọn fi ọ̀dà olójé kun nǹkan níbi iṣẹ́ ńlá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ẹ wá rìn kọjá níbi tí wọ́n ti ń kun mọ́tò ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta lónìí, kí ẹ wo ọjọ́ orí àwọn ọmọṣẹ́ tí ń ha ara ọkọ̀ láìfi aṣọ bo imú.

Amẹ́ríkà fi òfin lé òjé kúrò nínú ọ̀dà ilé àti ti ohun ìṣeré lọ́dún 1978. Síbẹ̀, lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ Mattel tí ń ta ohun ìṣeré kárí ayé ní láti kó ọ̀kẹ́ àìmọye ohun ìṣeré padà lọ́jà, nítorí òjé tí wọ́n bá nínú ọ̀dà wọn. Ọkọ̀ kékeré kan wà nínú wọn tí wọ́n sọ ní Sarge. Láti ọdún 2009, òfin wọn sọ pé bí a bá pín ọ̀dà ohun ìṣeré sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, òjé kò gbọdọ̀ ju ọ̀nà 90 lọ nínú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọmọ kan fi ṣeré lókè òkun kí òfin tó le, tí ìyá rẹ̀ sọ sínú páálí, tí páálí sì wọ kọ̀ǹténà, níbo ni ẹ rò pé yóò gúnlẹ̀ sí?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á yẹ ọkọ̀ náà wò, nítorí kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí a fi irin tàbí páànù ṣe, tí ó sì ti gbó, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ má bó ọ rárá. Ẹ yọ mọ́tò inú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́, kí ẹ sì pa ara rẹ̀ tì.

Èyí tí ó kù á jẹ́ ike, ike náà sì jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan le, ó nípọn, bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ kì í tẹ̀, òde rẹ̀ ni wọ́n sì kùn. Èkejì fẹ́lẹ́ bí abọ́ ike ìgbàlódé, ó ń tẹ̀ láìsán, ojú fèrèsé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ara rẹ̀ nítorí ike dídán kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀. Inú ni wọ́n ti máa ń kun irú èyí, kí ìkọlù má baà ha ọ̀dà òde. Polycarbonate ni orúkọ ike náà, ọdún 1953 ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ṣàwárí rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìmọ̀ nípa ara wọn. Ó lágbára débi pé òkò kì í tètè fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń bẹ̀rù.

Ó ń bẹ̀rù tíńnà. Ẹni tí ó gba yín nímọ̀ràn tíńnà, irin ni ó ń bá ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí tíńnà tàbí asitóònù bá kan ike wọ̀nyí, a ṣú bí ojú tí àrùn mú, a sán wẹ́wẹ́, tàbí kí ó yọ́ bí òrí lójú oòrùn. Pẹtiróòlù náà ń bà á jẹ́, ti ike sì kéré sí ti iná. Ooru pẹtiróòlù kì í lọ sókè, ilẹ̀ ni ó ń fà mọ́ bí ejò, a wọ́ lọ bá jẹnẹrétọ̀ tàbí ààrò ẹni tí ń dín àkàrà ní ìpẹ̀kun àgbàlá, a sì gbé iná padà wá bá ẹni tí ó dà á.

Ti sódà kọ́sítíìkì ni ó bà wá nínú jẹ́ jù, nítorí ó wọ́pọ̀ nílé àwọn tí ń se ọṣẹ. Òótọ́ ni pé ó ń bó ọ̀dà. Ó ń bó awọ ara náà, ó ń fọ́ ojú, ó ń jẹ ike polycarbonate, bí ó bá sì kan alumíníọ̀mù a hó, a tú afẹ́fẹ́ tí ń gbiná sílẹ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá nílẹ̀ wa mọ àwọn ọmọ tí ó mu ún lámujẹ̀ nítorí pé inú ìgò omi dídùn ni a rọ ọ́ sí. Ọ̀nà ọ̀fun wọn a fún, oúnjẹ kì í gbabẹ̀ kọjá mọ́, iṣẹ́ abẹ lórí iṣẹ́ abẹ ni. A bẹ ẹ̀yin ìyá, ìgò tí ó bá ti gbé ohun mímu rí, ẹ má rọ oògùn kankan sínú rẹ̀ láéláé. Bí ọmọ bá sì ṣèèṣì mu sódà, kẹrosíìnì tàbí tíńnà, ẹ má bu epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fi ìka mú un bì. Bí ó ti ń bì í ni ohun náà tún ń jó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì, kẹrosíìnì a sì yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Oògùn ìbọ́dà tí wọ́n ń tà nínú agolo ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní omi kan tí wọ́n ń pè ní methylene chloride. Ó yára, ó lè ká ọ̀dà kúrò lára irin láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n ike a yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ooru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a sì máa jókòó sí ibi tí ó bá rẹlẹ̀. Láàárín ọdún 2000 sí 2011, òṣìṣẹ́ 13 ni ó kú ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń fi í bó ọ̀dà inú agbada ìwẹ̀: wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣiṣẹ́, wọn kò sì dìde mọ́. Ọdún 2019 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é pé kí wọ́n má tà á mọ́ fún ará ilé tí ó fẹ́ bó ọ̀dà. Ìbòmú aṣọ kò lè dá ooru rẹ̀ dúró rárá. Ẹni tí ó bá bá a nínú ọjà, kí ó má mú un wọ ilé ẹ̀kọ́.

Kí ni kí olùkọ́ wa wá lò? Fún ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sípírítì tí àwọn oníkẹ́míìsì ń tà fún ojú egbò ni. Fún ike líle, sípírítì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ó rọra ń ṣiṣẹ́, ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ ike. Àgbàlagbà ni kí ó ṣe é, kì í ṣe ọmọ, kí ó sì ṣe é níta níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí iná kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò mu sìgá. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó nípọn. Ìbọ̀wọ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí a fi ń jẹ àmàlà lóde ayẹyẹ kò tó. Kí ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọkọ̀ náà, kí ó kán sípírítì díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan tí kò hàn, kí ó dúró tó ìdajì wákàtí. Bí ike náà kò bá ṣú, kí ó tẹ̀ síwájú: aṣọ tí a rì sínú sípírítì ni kí ó tẹ́ lé ọ̀dà náà, kí ó fi ọ̀rá bò ó kí ó má baà tètè gbẹ, kí ó máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ọ̀dà bá rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni kí ó fi nù ún, tútù ni, kí eruku má sọ. Bí kò bá bó lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún un ṣe. Kí ó má bínú mú ọ̀bẹ.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìṣeré ṣe ìdíje lókè òkun tún máa ń rẹ ike líle sínú omi bíréèkì mọ́tò fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Òótọ́ ni pé ó ń bó ọ̀dà, ẹni tí ó bá ti da díẹ̀ sára mọ́tò ara rẹ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni bí a bá mu ún, ó lè mú kí ike fẹ́lẹ́ máa sán, ẹni tí ó bá sì lò ó ní ọ̀dà tútù àti omi olóró láti wá ibi dà sí. Sípírítì tó fún ilé ẹ̀kọ́. Sípírítì náà kì í ṣe ohun mímu: ẹ rántí Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2015, níbi tí ẹ̀mí púpọ̀ ti bọ́ nítorí ògógóró tí methanol wọ̀. Methanol yìí wà nínú ọ̀pọ̀ sípírítì.

Bí ọ̀dà kan bá dì mọ́ ọkọ̀ pinpin tí kò bó rárá, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kun tuntun lé e lórí. Ọ̀dà tí ó di ara rẹ̀ mú kò ní ẹ̀bi. Èyí tí ó ti bó tí ẹ kó jọ, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ nínú agolo níta, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ẹ má sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ a gbé òjé dìde. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀tà ni ó ń mu omi kànga. Kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ náà fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti apá kí ó tó jẹun, kí ó bọ́ aṣọ rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ tirẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, a kò gbàgbé yín. Ọ̀kẹ́ gàrí tí ó ṣí sílẹ̀, búrẹ́dì tí kò sí nínú ọ̀rá, tí ó wà ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ha ọ̀dà dáńfó: eruku náà kò ní àdírẹ́sì mìíràn. Ẹ bo ọjà yín tàbí kí ẹ yí ibùjókòó padà. Ẹ sì lè sọ fún ọ̀gá oníṣẹ́ náà pé kí ó máa lo sáńpépà tí a ń fi omi lò. Wọ́n ní in, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ó kàn ń falẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹni tí ó ní dáńfó tí ó gbé e lọ kùn lè sọ ọ́ kí ó tó san owó. Olówó ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè nípa ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí Ọ̀tà ni a wà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún àwọn ère náà kùn, ọ̀dà lé ọ̀dà lé ọ̀dà. Igi ni ti ìyẹn, omi àti sípírítì a fa igi ya, ọ̀dà ìṣáájú sì jẹ́ ara ìtàn ère. Ẹ má bó o rárá. Agbẹ́gilére nìkan ni kí ẹ gbé e tọ̀ lọ.

Olùkọ́ wa tún béèrè irú ọ̀dà tí yóò fi kun àwọn ọkọ̀ náà. Fún ike líle, ọ̀dà olómi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi yàwòrán, tí a fi omi fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó fún un. Fún ike fẹ́lẹ́, kí ó wá èyí tí wọ́n kọ polycarbonate sí lára, nítorí ọ̀dà mìíràn a ṣí bí ọkọ̀ náà bá ti tẹ̀. Inú ni kí ó ti kùn ún, kí ó lẹ bébà mọ́ ojú fèrèsé. Àwọ̀ dúdú àti nọ́ńbà ni kí ó kọ́kọ́ kùn, kí ó tó fi àwọ̀ tí ó mọ́ tì í lẹ́yìn, nítorí láti òde, èyí tí a kọ́kọ́ kùn ni ojú ń rí. Kí ó fún un ní odidi ọjọ́ kan kí ó gbẹ kí ó tó dá a padà sórí táyà rẹ̀. Iṣẹ́ kíkùn yìí ni kí ó fi àwọn ọmọ sí.